Orin Tí Araba Otsiwa Gbé Mì

Ní Egyaakrom, létí òkun àwọn Fante, ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ Araba Otsiwa, àlejò àná ni, ọkọ̀ tó gbé e wá kò tíì yí orí padà. Ẹja sáwá ni obìnrin náà ń yan. Ààrò alámọ̀ ńláńlá ló tò sẹ́yìnkùlé rẹ̀, èéfín sì ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja ló sọ ọ́ di ènìyàn ńlá. Ohùn ni. Ohùn tí Ọlọ́run fi sí ọ̀fun obìnrin yìí, ká ní Ó pín in fún ẹni méje ni, àwọn méjèèje ì bá di olókìkí, èyí tó ṣẹ́ kù a sì tó fún ẹyẹ. Ọjọ́ kan wà tí kùrukùru bo òkun, tí àwọn apẹja kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Araba ń kọrin nídìí ààrò rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orin náà ni gbogbo ọkọ̀ ìlú tẹ̀ lé wọlé, tí wọ́n tò gẹ̀ẹ́rẹ̀gẹ̀ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bá òkun jiyàn.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn, àárín ìwàásù gan-an ni ohùn yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn Fante kì í jẹ́ kí oníwàásù nìkan dá wàásù. Tó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn, tàbí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, ìyá kan á ṣàdédé gbé orin láti orí ìjókòó rẹ̀. Orin tí kò sí nínú ìwé kankan ni. Ìtàn Bíbélì tí wọ́n ń sọ lọ́wọ́ ni yóò fi dá a, gbogbo ìjọ á gbè é, oníwàásù á dákẹ́, á nu òógùn, á fi èjìká jó díẹ̀. Tí orin bá parí, á tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ní Egyaakrom, Araba ni ìyá náà. Osofo Ansaba, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n gbé wá sí ìlú yẹn, ènìyàn rere ni, ó kàwé dójú àmì, ṣùgbọ́n ìwàásù rẹ̀ gbẹ bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Orin Araba ni omi tí ìjọ fi ń gbé e mì. Osofo fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Araba bí ọmọ kan ṣoṣo, Adwoa. Adwoa lóyún, oyún náà wálẹ̀. Ó tún lóyún, ó gbé e dé oṣù keje, ó bí i lókùú. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, oyún kẹta ti wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ní èbúté Tema, Adwoa sì ti kó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti bímọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ oyún náà nínú ilé. Ìyá ń wo ikùn ọmọ, ọmọ ń wo ojú ìyá, oníkálukú ń gbé ẹ̀rù tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Báyìí ni Ọjọ́rú Eléérú ṣe bá wọn. Osofo fi eérú ya àgbélébùú síwájú orí gbogbo ìjọ, ó ní ààwẹ̀ Lẹ́ńtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan.

"Ohun tó bá dùn mọ́ yín jù láyé," ló wí, "ẹ gbé e kalẹ̀ fún Jésù. Kí ẹ sì fi ayọ̀ gbé e kalẹ̀."

Egya Bentsil, àgbà ìjọ tí etí rẹ̀ kan ti di, dìde, ó na ọwọ́ sókè, ó ní òun gbé ọtí líle kalẹ̀. Aba Krampah, ọ̀rẹ́ Araba tí ilé wọn kọjú síra, kò jẹ́ kó jókòó tán.

"Ẹ rọra o, Egya! Dókítà ti gba ọtí lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá. Ẹ má tún un tà fún Ọlọ́run!"

Ìjọ rẹ́rìn-ín títí eérú fi ń gbọ̀n sílẹ̀ lára wọn. Araba kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tú inú ara rẹ̀ bí ẹni ń tú àpótí aṣọ. Kí ló dùn mọ́ òun jù? Ẹran? Kò ka ẹran sí. Aṣọ? Aṣọ wo, nínú èéfín? Ó tú u títí, ọwọ́ rẹ̀ kan orin nísàlẹ̀ pátápátá, àyà rẹ̀ já. Ó fẹ́ yára pa àpótí náà dé, ó ti pẹ́ jù. Lórí ìjókòó níbẹ̀, láìla ẹnu, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run: òun kò ní gbé orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí di àárọ̀ Àjíǹde. Kí Ọlọ́run gba orin, kó fi ọmọ Adwoa sílẹ̀ láàyè. Kò sọ fún ẹnì kan. Ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn bá ń ròyìn kiri, èéfín ló ń dà.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi pé, Osofo wàásù nípa Jésù nínú aginjù. Ó dé ibi tí èṣù ti nawọ́ sí òkúta, ó dúró. Ó wo apá ibi tí Araba jókòó. Araba ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mo ní," Osofo tún un sọ, ó gbé ohùn sókè, "èṣù ní kó sọ òkúta di àkàrà!"

Ó dúró. Ẹnì kan sín lẹ́yìn. Osofo wúkọ́, ó mu omi, ó wọ inú ìwé rẹ̀ padà bí ẹni tó jìn sí kòtò. Ìwàásù ọjọ́ náà gùn débi pé adìẹ tó wà lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì yé, ó sàba, díẹ̀ ló kù kó kó ọmọ jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe "Àmín", àwọn ọkùnrin ti sùn, àwọn obìnrin sì ti bínú.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní Araba bá Osofo jà. Àwọn kan ní ó ti ń yọ́ lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Egya Bentsil ní bí ohùn abo màlúù ṣe máa ń gbẹ nìyẹn tó bá dàgbà, wọ́n sì bi í pé níbo ló ti gbọ́ màlúù tó ń kọrin, ó ní wọn ò lè gbọ́ ọ nítorí pé ó ti dàgbà.

Aba Krampah wá bá a nídìí ààrò.

"Araba, ta lo yá lóhùn tí kò dá a padà fún ẹ?"

"Ọ̀fun ló ń dùn mí."

"Ọ̀fun wo? Èyí tó jí mi lójú oorun láàárọ̀ yìí?"

Òótọ́ ni Aba sọ. Orin tí Araba gbé mì ní Ọjọ́ Ìsinmi kì í dùbúlẹ̀ sínú. Tí Ajé bá ti mọ́, tó ń to ẹja sórí àwọ̀n irin, orin á máa ti ara wọn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ó ń kọ ọ́ fún èéfín, ó ń kọ ọ́ fún sáwá, ọ̀nà á sì máa kún fún àwọn tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọkọ̀ kì í wọ òkun, Araba wà lórí ìtàn Dáníẹ́lì, ó ti kó o dé inú ihò, kìnnìún ti ń la ẹnu, nígbà tó gbójú sókè tó rí Osofo lẹ́bàá ọgbà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀.

"Maame Araba, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Haa, Osofo! Ẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀? Ẹ wá jókòó. Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn o, ọ̀rá ẹja ni."

"Ẹ ń kọrin fún ẹja. Ẹja ti kú, Maame. Èmi tí mo ṣì wà láàyè, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa rì lójú gbogbo ìjọ."

Araba wo ẹ̀yìn wò, bóyá Adwoa wà nítòsí. Ó fà sún mọ́ Osofo, ó sọ ẹ̀jẹ́ náà fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Omi lé ròrò sójú Osofo. Ìgbà tó yá ni ojú yẹn yí padà, bí ojú ẹni tó rántí nǹkan.

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ ní ẹ ò ní kọ ọ́?"

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti dùn mọ́ mi jù."

"Ibí ńkọ́?"

"Ibí? Iṣẹ́ mà nìyí, Osofo."

Osofo jókòó. Orí ọ̀rá ẹja náà ló jókòó sí, kò sì mọ̀.

"Maame," ó wí jẹ́jẹ́, "Ọjọ́ Ìsinmi ò sí nínú Lẹ́ńtì."

"Báwo ni kò ṣe ní sí níbẹ̀?"

"Àwọn bàbá ìgbàanì ò kà á mọ́ ọn. Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Àjíǹde ni. A kì í gbààwẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ àsè ni."

Araba dá ọwọ́ dúró. Ẹja kan ń jóná lábẹ́ rẹ̀, kò yí i.

"Ọjọ́ àsè ni mo wá fi ń gbààwẹ̀."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ọjọ́ ààwẹ̀ ni mo wá ń jẹ àsè, nídìí ààrò níbí, tí mo ń jẹ ẹ́ yó."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi."

"Kí wá ni Ọlọ́run rí gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ọlọ́run kì í ṣe oníṣòwò, Maame. A kì í ná ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká gbé e kalẹ̀!"

"Mo ní kí ẹ fi ayọ̀ gbé e kalẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín." Araba na ọ̀pá tó fi ń yí ẹja sí Osofo bí ìka. "Ohun tó dùn mọ́ mi ló ń dùn mí báyìí. Tó bá ń dùn mí, ṣé ayọ̀ ni? Tí kò bá sì dùn mí, ṣé ẹbọ ni?"

Osofo rántí pé ní èdè Fante, ayọ̀ túmọ̀ sí pé ojú gbà, ó rò pé òun lè ti ibẹ̀ wọlé. "Ẹ wò ó, enyigye, ojú tó gbà. Ojú tó bá fẹ́ gbà, Maame, ó níláti..." Afẹ́fẹ́ yí, èéfín dà bò ó, ojú tó fẹ́ gbà náà dí pa. Ó sunkún, ó wúkọ́, ó dìde. Araba di ẹja fún un. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e dé ojú ọ̀nà, wọ́n ń ka ìpẹ́ ẹja tó lẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti rú Araba lójú pátápátá. Ó dákẹ́ nídìí ààrò pẹ̀lú, kí Ọlọ́run má bàa sọ pé òun ṣe àbòsí. Ilé pa rọ́rọ́. Adwoa, tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ́ orin ìyá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ dùbúlẹ̀, ó ń kọjú sí ògiri. Ìyá rò pé oyún ló ń rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ wá dé bá a. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ó lè kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ní títí di àárọ̀ Àjíǹde. Èwo lọ̀rọ̀ nínú méjèèjì? Osofo dé ibi tí Jésù ti gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù, ó dúró, ó ṣẹ́jú sí i. Araba dìde. Ìjọ fa èémí sínú. Imọ̀ ọ̀pẹ gòkè. Araba la ẹnu, ó rí ikùn Adwoa lápá kejì, kò sí nǹkan tó jáde. Egya Bentsil, tí kò mọ̀ pé orin ò tíì bẹ̀rẹ̀, fi gbogbo agbára gbè é:

"Hòsánnà o! Hòsánnà o!"

Òun nìkan. Araba jókòó. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Títí Egya Bentsil fi wọ ilẹ̀ ló ń búra pé orin ọjọ́ yẹn ni ó dùn jù lọ tí òun gbọ́ lẹ́nu Araba.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Àjíǹde ku ọ̀la, oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀-oòrùn, ìrọbí mú Adwoa. Wọ́n gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Nọ́ọ̀sì Baidoo, obìnrin kúkúrú tí kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ayé tán, ló gbà á. Araba dúró níbi orí ibùsùn, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Ìrora gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Adwoa yí ojú sí i.

"Maame, kọrin fún mi."

Araba ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Maame. Mo ní kí o kọrin."

"Mí sínú, ọmọ mi. Mí sínú."

"Maame Araba," Nọ́ọ̀sì Baidoo sọ láti ìsàlẹ̀, "tí ẹ bá wá kọrin, ẹ kọrin. Tí ẹ bá wá dúró bí òpó, ìta lòpó máa ń wà."

Ọkàn Araba pín sí ọ̀nà tí kò níye. Orin yìí ni òun fi ṣe ìdógò fún ọmọ yìí. Tí òun bá kọ ọ́ báyìí, nígbà tí ó ku oorun ẹyọ kan kí ilẹ̀ Àjíǹde mọ́, ṣé kì í ṣe pé òun tún na ọwọ́ gba nǹkan tí òun ti fún Ọlọ́run? Tí Ọlọ́run náà bá wá na ọwọ́ gba tirẹ̀ padà ńkọ́?

"Adwoa, tìtorí rẹ ni mi ò ṣe kọrin," ó sọ ọ́ jáde lójijì, gbogbo ẹ̀jẹ́ náà sì dà sílẹ̀. "Mo ti fi orin fún Ọlọ́run, kó fi ọmọ fún wa."

Adwoa wò ó. Ìrora ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tìtorí mi? Ta ló rán ọ? Èmi rò pé o ti rí nǹkan ni! Mo rò pé Ọlọ́run ti fi hàn ọ́ pé ọmọ yìí náà máa kú, ni o ò ṣe lè kọrin mọ́! Láti ìgbà tí o ti dákẹ́ nídìí ààrò ni mo ti ń sọkún òkú ọmọ yìí, Maame! Mo ti sin ín tán!"

Igbe tó tẹ̀ lé e, àwọn tó wà lọ́jà gbọ́ ọ.

Ojú Araba ṣú. Gbogbo ohun tó fi ìrora tò jọ, orí ọmọ rẹ̀ ló ti ń wó lé. Kò dúró rò ó mọ́. Kò sì pinnu. Ẹnu rẹ̀ ló là fúnra rẹ̀, orin sì jáde pẹ̀lú ìbẹ̀rù bí olè tó ń ti fèrèsé bọ́ sílẹ̀:

"Màríà ò mọ̀ pé òkúta ti yí,
ó ru òróró ìkunra òkú lọ, ó ń sunkún lọ.
Ta ni yóò bá wa yí i o?
Ó ti yí, ó ti yí, ìwọ nìkan ni ò mọ̀."

Adwoa gbè é láàárín eyín. Nọ́ọ̀sì Baidoo gbè é, ó ń gbè é, ó ń pàṣẹ: "Ó ti yí... tì í, tì í!... ó ti yí..." Àwọn aláboyún tó jókòó sí ìloro gbè é. Wọ́n ní àwọn adẹ́mu tó wà lókè ọ̀pẹ létí ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti gbè é. Ẹsẹ orin kan ń parí, òmíràn ń bọ̀, Araba kò sì fi ọkàn balẹ̀ nínú ọ̀kankan. Lẹ́yìn gbogbo ìlà ló ń retí kí nǹkan já lulẹ̀ lórí òun.

Ọmọ bọ́. Kò ké.

Orin gé lẹ́nu Araba bí okùn. Nọ́ọ̀sì Baidoo dojú ọmọ dé, ó gbá a ní ẹ̀yìn, ó fa imú rẹ̀, ó tún gbá a. Araba rí àtẹ́lẹsẹ̀ kékeré méjì tó funfun bí ẹ̀kọ. Kò gbàdúrà. Kò mọ èwo ni yóò gbà: pé kí Ọlọ́run má bínú orin ni, àbí pé kó má bínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́?

Ọmọ sín. Lẹ́yìn náà ló wá ké, igbe gbígbóná, igbe ẹni tó ní ẹ̀sùn.

"Obìnrin ni," Nọ́ọ̀sì Baidoo wí. "Ama, ọmọ Àbámẹ́ta. Ọ̀fun Maame rẹ ló jí gbé, kí Ọlọ́run ṣàánú àwọn aládùúgbò."

Nígbà tí Osofo gbọ́ tó sáré dé, Araba jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta.

"Osofo, èwo ló gbà?"

"Kí ni, Maame?"

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo kọ́kọ́ fún un, àbí orin tí mo fi ba ẹ̀jẹ́ jẹ́? Ẹ sọ fún mi kí n mọ èyí tí mo máa dúpẹ́ fún."

Osofo jókòó tì í. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọ́kọ́ wo ibi tó fẹ́ jókòó sí.

"Mo rò pé wọ́n ti san owó ọmọ yìí kí ẹ tó la ẹnu, kí ẹ tó pa á dé. Jímọ̀ àná la rántí ẹni tó san án."

"Kí wá ni tèmi ń ṣe níbẹ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀, Maame. Bóyá Ó kàn fẹ́ràn kí ẹ wà níbẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Araba létí dáadáa. Ó gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀, bí ẹrù tí ènìyàn kò mọ ọwọ́ tí yóò fi dì í mú.

Àárọ̀ Àjíǹde mọ́, gbogbo Egyaakrom wọ funfun. Wọ́n ti dá Adwoa àti ọmọ padà sílé. Aba Krampah, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà lẹ́nu Nọ́ọ̀sì Baidoo, dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ti fi aṣọ funfun rẹ̀ ró, ó ń tàn bí iyọ̀.

"Araba, máa bọ̀! Òní ni ẹ̀jẹ́ tán, òní ni ìjọ ń retí rẹ. Fi ọmọ sílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á wẹ̀ ẹ́."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń fọ́ ẹja níbi tó ti ń to ẹja?"

"Araba! Láti Ọjọ́rú Eléérú lo ti ń dúró de òní!"

Araba wo ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu rẹ̀ ń yún ún. Ó wo ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ń dúró dè. Ìyá àgbà ní í wẹ ọmọ, kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan.

"Máa lọ," ló wí. "Omi ti gbóná."

Ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà. Ó ń fọ apá ọmọ, ó ń gbọ́ ohùn Osofo. Osofo gbé àwọn obìnrin dé ibojì, ó dúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn, Araba sì mọ̀ pé òun ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Ìgbà náà ni Aba Krampah gbé orin. Ohùn Aba sán bí ìkòkò, ó gbé e ga jù, ó ṣi ìtàn náà pa, ó fi Pétérù síbi tí Màríà wà. Ìjọ sì gbè é, wọ́n gbè é tìlù tìpàtẹ́wọ́, bí ẹni pé orin dáadáa ni.

Nǹkan gún Araba láyà. Ó jọ owú. Nǹkan kan náà tún gbé èjìká rẹ̀, èjìká náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò lè dá a dúró, omi ojú rẹ̀ ń kán sínú omi ìwẹ̀ ọmọ.

Adwoa pè é láti inú yàrá.

"Maame, ẹ̀rín lò ń rín ni àbí o ń sunkún?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre," ni Araba wí, "jẹ́ kí n fọ ọrùn ọmọ."